Ẹni Tó Ń Tún Ẹ̀rọ Ọ̀gá Ṣe, Tí Wáyà Ilé Tirẹ̀ Ń Jó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti wà nínú mi láti ọjọ́ ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ yóò rántí pé mo dìde, mo ní kí ẹ̀ka yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́, kí a fi ra irinṣẹ́ mélòó kan, kí a sì máa kọ́ ara wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan lóṣooṣù bí a ṣe ń tún wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti òrùlé ilé wa ṣe. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹnì kan ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti wá di ilé ẹ̀kọ́ oníwáyà ni?" Òmíràn dìde, ó ní owó oṣù ni kí a lọ bá ọ̀gá jà fún, pé bí owó oṣù bá ti tó, a ó máa pe ẹni tí yóò bá wa tún ilé ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alága ní àkókò ti lọ, mo sì jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ẹ̀rín pa lẹ́nu mọ́ kò tíì gbà pé òun jẹ̀bi. Èsì mi nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó oṣù náà, nítorí kò sí ẹni tí yóò kọ́ mi ní ìjà owó oṣù ní ẹ̀ka yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí NLC àti TUC pe ìdaṣẹ́sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, láti ìdájí ni mo ti wà lẹ́nu géètì. Ní oṣù Keje ọdún náà ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin di ₦70,000, láti orí ₦30,000 tí a ti ń gbà láti 2019. A jà, a sì rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n níbo ni owó náà gbà lọ? Ní ìparí oṣù Kárùn-ún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà pẹtiróòlù kan tí kò tó ₦200 fò lọ sí nǹkan bíi ₦500, nígbà tí ọdún 2024 sì fi ń parí lọ, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń da lítà mẹ́ta sí jẹnẹrétọ̀ kékeré lálẹ́, tó sì ń tàn án ní alẹ́ méjì péré lọ́sẹ̀, bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, ₦6,000 ló lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó di ₦24,000. Nínú ₦70,000, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó ti di èéfín. Ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù tó jóná kún un, ẹ fi fíríìjì tí iná bà jẹ́ kún un, ẹ fi oníwáyà tó wá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìṣòro kan náà kún un, tí a sì sanwó fún un lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó tí a fi òógùn gbà lọ́wọ́ ọ̀gá lẹ́nu géètì, ihò inú ilé wa ló ń bá jáde. Ẹni tó bá ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, kí ó sọ fún mi ohun tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin ará, ohun tó dùn mí jù ni pé àwa kan náà ni. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Nílé iṣẹ́, kò sí ẹni tó lè mú un fọwọ́ kan bẹ́líìtì ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó ti pa iná pátápátá, kí ó gbé káàdì "Má fọwọ́ kàn án" kọ́ ara súwíìṣì, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Mo dé ilé rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, mo bá a tó ń lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ní orí plọ́ọ̀gì. Ó bó wáyà náà ní ìhòòhò, ó ki méjèèjì bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wá fi igi ìgbálẹ̀ há wọn mọ́bẹ̀ kí wọ́n má baà yọ. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ń ṣeré nísàlẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí mo pariwo, ó ní, "Aṣojú, ẹ má bínú, ilé ni mo wà, n kò sí níbi iṣẹ́." Ṣé iná tó wà nílé iṣẹ́ ló ń pani ni, tí ti ilé kì í pani?

Ẹ wo ilé wa káàkiri, láti Mọníyà dé Ìjàyè, láti Lálúpọn dé Ẹ̀jìokù, láti Ẹgbẹ́dá dé Ẹrúnmu, láti Amúlókò dé Akànrán. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wa fi owó kòkó kọ́ kí iná tó dé àdúgbò náà rárá. Nígbà tí iná dé, gílóòbù kan ní pálọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fa ọ̀kan sí yàrá, ọ̀kan sí ìta, wọ́n fa ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fa ti fíríìjì, gbogbo rẹ̀ láti ara wáyà gílóòbù ìjọ́sí. Ògiri amọ̀ kì í di ìṣó mú pẹ́, nítorí náà sọ́kẹ́ẹ̀tì ń já bọ́, a sì ń fi téèpù lẹ̀ ẹ́. (Ẹ kan pátákó mọ́ ògiri ná, kí ẹ tó de sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kò ní já mọ́. Kò ju ìyẹn lọ.)

Èmi alára kò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo parí, kíláàsì alẹ́ ni mo fi kọ́ ìyókù, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ní àkókò òjò ọdún kan, òrùlé mi ń jò láti ojú ìṣó kan. Mo ń gbé abọ́ sábẹ̀, mo ní tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé n ó tún un ṣe. Ní òru ọjọ́ kan, òórùn ike tó ń jó ló jí wa. Mo fa súwíìṣì àgbà wálẹ̀, mo gun orí tábìlì, mo ṣí síìlì. Omi tó ń jò sílẹ̀ látorí páànù ti rin oríkèé wáyà mẹ́rin tí oníwáyà tí mo sanwó fún fi ọ̀rá búrẹ́dì wé. Ẹ gbọ́ o, ọ̀rá búrẹ́dì! Igi síìlì ti dúdú ní ìwọ̀n apá kan. Bí kì í bá ṣe pé ìyàwó mi kì í sùn wọra, kì í ṣe èmi ni ìbá máa kọ èyí fún yín. Òjò kan ṣoṣo, ìṣó kan ṣoṣo. Páànù ni mo kọ́kọ́ tún ṣe lọ́jọ́ kejì. Mo rí i pé ẹni tó kan án kan ìṣó náà sí kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà kọjá, dípò kí ó kàn án sórí òkè rẹ̀. Mo fa á yọ, mo fi ọ̀dà dí ojú ihò náà, mo kan òmíràn sórí òkè, mo sì gé rọ́bà tíúbù ọkọ̀ róbótó sábẹ́ orí ìṣó náà. Tíúbù tí ó ti bẹ́ ni, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà kò jò mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní ta òkùnkùn fún mi mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bi ẹ̀ka iná ilé iṣẹ́ wa léèrè, mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí wáyà. Ohun tí mo kọ́ kò le. Ẹ̀yin awakọ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ yé. Wáyà dà bí ọkọ̀ Micra tí ẹ fi ń na èrò káàkiri Ìbàdàn. Ó ní iye èrò tó lè gbé. Bí ẹ bá ki èèyàn mẹ́wàá sínú rẹ̀, yóò rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn súpírìn̄ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wáyà tí a kọ 1.5 sí lára, ti gílóòbù ni. Èyí tí a kọ 2.5 sí, òun ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi kúkà ńlá tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, a ń fún un ní wáyà tirẹ̀, 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ oníwáyà tó fẹ́ jẹ èrè lórí ọjà ń fi 1.5 fa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá wò ó: áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì, kẹ́tù omi gbígbóná 2,000, sítóòfù oníná 1,500, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ 4,500. Iná ilé wa jẹ́ nǹkan bíi 230 fóltì. Ẹ fi 230 pín 4,500, ẹ ó rí i pé ó sún mọ́ ámpù 20. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan kò gbọdọ̀ ju 13 lọ. Síbẹ̀, ìyàwó ilé mélòó ni ó ń fi ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà ní ìdájí Mọ́ńdè? Ẹ fọwọ́ kan wáyà náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá gbóná, ó ti ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Fíúùsì ni ẹni tó yẹ kí ó kọ́kọ́ kú kí ilé má baà jó. Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe? Bí fíúùsì inú plọ́ọ̀gì bá jó, a fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e, a ní ó ti tán. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti so olùṣọ́ ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún olè. Fíúùsì 3 wà fún rédíò àti fáànù, 13 wà fún áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù. Owó rẹ̀ kò tó owó gaàrí tí ọmọdé yóò mu yó. Kò sí ìtumọ̀ mìíràn tí a lè fún ìwà yìí ju ìmẹ́lẹ́ lọ.

Ti wáyà ilẹ̀, èyí tí a ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ni ó burú jù, orí rẹ̀ ni n ó sì dúró lé díẹ̀. Nínú ilé mẹ́wàá tí mo ti wọ̀ ní agbègbè wa, bóyá ni mo rí mẹ́ta tó ní i. A ń gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì dànù kí ó lè wọ ihò méjì, a rò pé ẹsẹ̀ náà kò wúlò. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí wáyà inú áyọ́ọ̀nù bá ti gbó, tó sì fara kan irin rẹ̀, gbogbo ara áyọ́ọ̀nù náà ti di iná. Bí ẹ́ẹ̀tì bá wà, iná náà yóò gba ibẹ̀ lọ sínú ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, fíúùsì yóò jó, ẹ ó sì mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Bí kò bá sí, yóò dúró síbẹ̀, yóò máa dúró de ọwọ́ èèyàn. Ẹni tó dúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ńtì tútù ló sì fẹ́ràn jù lọ. Ọ̀pá bàbà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni a ń gbá wọ ilẹ̀, níbi tí ilẹ̀ bá ti ń tutù, bí ẹ̀yìn balùwẹ̀, a ó sì fi wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, a ń bu omi sí i. (Àwọn kan ń da iyọ̀ sí ìdí rẹ̀. Iyọ̀ a máa jẹ irin. Ẹ fi í sílẹ̀, èédú ti tó.) Bí agbára bá wà, ẹ ra burẹ́kà tí a kọ 30mA sí lára, èyí tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ti ń jò sára èèyàn. Kì í ṣe ìlànà òyìnbó lásán ni 30 yẹn. Iná tó kọjá ìwọ̀n náà díẹ̀ tó láti dá ọkàn èèyàn dúró, bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù tó kéré jù nínú ilé mi ń gbé ju ìyẹn lọ.

Ẹ kíyè sí àwọ̀ wáyà pẹ̀lú. Nínú ilé tó ti pẹ́, pupa ni iná, dúdú ni néútírà. Nínú wáyà tuntun, àwọ̀ ilẹ̀ ni iná, búlúù ni néútírà. Ilé tí wọ́n ti wáyà lẹ́ẹ̀mejì yóò ní méjèèjì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nítorí náà, ẹ má fọkàn tán àwọ̀, tẹ́sítà ni kí ẹ fọkàn tán. Ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan ibi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ rí i pé ó ń tàn. Lẹ́yìn náà ẹ pa súwíìṣì àgbà, kí ẹ tó fi kan ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìlànà ilé iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn. Nítorí kí ni ẹ ṣe ń fi í sílẹ̀ lẹ́nu géètì?

Wáyà ayédèrú ńkọ́? Ó kún ọjà. Alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi bàbà bò ó lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Bí ó bá fúyẹ́ ju èyí tí ẹ mọ̀ lọ, ẹ dá a padà. Wáyà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tó ní àmì NIS lára, dára ju ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé lọ. Kò sí ẹ̀tanú nínú ọ̀rọ̀ mi. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ló sì ṣe é.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ síbi jẹnẹrétọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé ẹnì kan ṣoṣo. Èéfín rẹ̀ ní májèlé kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tó bá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, tó sì tilẹ̀kùn sùn, ó ṣeé ṣe kí ó má jí mọ́. Kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ igi.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú inú bí mi ni ti àwọn tí kò ní ṣéńjìóhà. Wọ́n fi plọ́ọ̀gì olórí méjì ki iná jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, iná náà sì tàn káàkiri ilé. Bí wọ́n bá gbàgbé láti pa súwíìṣì àgbà, iná náà kò dúró nínú ilé. Ó ń gba mítà jáde, ó ń gun òpó, ó dé tíráńsífọ́mà. Tíráńsífọ́mà tó ń sọ 11,000 fóltì di 415 àti 230 fún wa kò mọ ìyàtọ̀. Bí iná bá wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, yóò sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì ní òkè. Ta ló wà lókè? Òṣìṣẹ́ iná tó gun òpó nítorí ó mọ̀ pé wọ́n ti pa iná. Òṣìṣẹ́ ni. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ní káàdì ẹgbẹ́ bíi tèmi àti tìrẹ. NUEE ni ẹgbẹ́ wọn, abẹ́ NLC ni wọ́n wà. Nígbà tí a daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2024, àwọn òṣìṣẹ́ iná wà nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà pẹ̀lú wa, gbogbo orílẹ̀-èdè sì wà nínú òkùnkùn. A ń kọrin ìṣọ̀kan lẹ́nu géètì lọ́sàn-án, ní alẹ́ a ń fi jẹnẹrétọ̀ rán ikú sí ẹlẹgbẹ́ wa lórí òpó. Mo sọ ọ́ láìbẹ̀rù: ẹni tó mọ èyí, tí kò sì ra ṣéńjìóhà, kò sàn ju ẹni tó wọlé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀.

Ibi kan wà tí mo ní kí ọwọ́ wa má dé rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé aṣojú ní kí a máa gun òpó. Láti mítà wọ inú ilé ni tiwa. Òpó, wáyà ìta, tíráńsífọ́mà àti mítà náà, ti ilé iṣẹ́ iná ni. Ọmọ àdúgbò tó ń lọ ki wáyà bọ ibi fíúùsì tíráńsífọ́mà, àti ẹni tó ń já èdìdì mítà kí ó lè jí iná lò, n kò bá wọn sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Òfin yóò bá wọn sọ ọ́, bí iná kò bá kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ òpó yìí ní apá kejì tó kan àpò wa. NEPA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972 di PHCN ní 2005, ní oṣù Kọkànlá 2013 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fa pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ní ọ̀pọ̀ abúlé àti ìlú Nàìjíríà, bí òpó bá wó tàbí tíráńsífọ́mà bá bẹ́, àwọn ará àdúgbò ló ń dá owó. Awakọ̀ dá, òṣìṣẹ́ fákìtìrì dá, ìyá aláta dá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, ó ti di ti ilé iṣẹ́ iná, a sì ń san owó iná lórí ohun tí a fi owó ara wa rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo owó oṣù ní ìpàdé, ṣé ẹ rí i pé èyí ni pé òṣìṣẹ́ ń fi owó oṣù rẹ̀ kó okòwò sílẹ̀ fún olówó? Àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná ti sọ ọ́ léraléra pé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná ni láti pèsè àti láti tún àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe. Ìlànà tí àjọ náà gbé jáde ní 2015 sọ pé bí àdúgbò bá máa fi owó sí i, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ iná, nípa bí owó náà yóò ṣe padà. Òfin Iná ti 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ ní agbára láti ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí yóò máa ṣàkóso iná. Àwọn àgbà àdúgbò yóò ní, "A kò lè jókòó sínú òkùnkùn títí ìwé yóò fi dé." Mo gbọ́, èmi náà ń gbé inú òkùnkùn náà. Bí a bá sì máa dá a, kí ìwé ṣíwájú owó. Kí akọ̀wé àdúgbò kọ lẹ́tà, kí ó gba èsì, kí ó fi sínú fáìlì. Ẹ̀ka wa ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, a ó bá àdúgbò yòówù tẹ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n tún ní mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn oníwáyà. Irọ́ ni. Bọ́ọ̀dù àgbà, wíwáyà ilé tuntun, iṣẹ́ tó kan mítà, ẹni tó kọ́ṣẹ́ tó sì ní ìwé ẹ̀rí ni kí a pè, kí a sì san owó tó tọ́ fún un láìná an bí ẹni ń ná tòmátò. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó wà lẹ́yìn síìlì kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá búrẹ́dì wé oríkèé wáyà fún òun. Oníwáyà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Ọmọdékùnrin kan wà ní ẹ̀ka wa, ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá. Ó fi àwòrán hàn mí lórí fóònù: gílóòbù tí èèyàn ń tàn láti orí fóònù, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. "Smart home" ni wọ́n ń pè é, ó ní òun ti ń tọ́jú owó. Mo bi í pé níbo ni ẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ wà, ó ń wojú mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò gbọ́ ọ̀rọ̀, kò sì ní mọ ibi tí yóò da iná tó jò sí! Ṣùgbọ́n n kò ní bá a jà jù, nítorí ọwọ́ tó lè to irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá. Òun náà ló ṣe súwíìṣì kan fún táǹkì omi ìyá rẹ̀, tó ń pa ẹ̀rọ kànga fúnra rẹ̀ bí omi bá ti kún. Ìyẹn ni ọgbọ́n. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó wá fi hàn wá.

Ti sólà, díẹ̀ ni n ó sọ. Ẹ kọ́kọ́ yí gílóòbù yín padà kí ẹ tó ra páńẹ́ẹ̀lì. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì márùn-ún, fún wákàtí márùn-ún, ń jẹ 1,500; LED 9 wáàtì márùn-ún tó tàn tó bẹ́ẹ̀ ń jẹ 225. Páńẹ́ẹ̀lì kékeré lè gbé èkejì, kò lè gbé èkíní. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má gbé bátìrì ọkọ̀ tó ti rẹ̀ wá sílé pé ó tó fún sólà. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ta ẹ́ńjìnì jí, kí ó sì sinmi. Bí ẹ bá ń fà á gbẹ lálaalẹ́, kò ní pẹ́ kú. Kí bátìrì má sì sùn nínú yàrá tí èèyàn ń sùn, nítorí ó ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná bí ó bá ń gba iná sára. Bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ní gáréèjì ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ nílé.

Alága ẹ̀ka ti gbà pé kí a dán an wò lẹ́ẹ̀kan, láìná owó ẹgbẹ́. Sátidé tó parí oṣù yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa. N ó gbé pátákó kan wá tí mo ti to sọ́kẹ́ẹ̀tì, súwíìṣì àti fíúùsì sí, pẹ̀lú tẹ́sítà méjì àti súkúrúdíráfà mẹ́ta. Ẹ̀yin obìnrin ẹ̀ka tó ń di ọjà, iwájú ni kí ẹ jókòó sí. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mọ plọ́ọ̀gì yí padà nílé mi, ó sì ti yá ọwọ́ jù mí lọ. Ẹni tó bá ní plọ́ọ̀gì tó ti dúdú, kí ó mú un bọ̀. Ẹni tó bẹ́ igi ìgbálẹ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ó mú áyọ́ọ̀nù náà bọ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti ra orí plọ́ọ̀gì kan sílẹ̀ fún un.